Bí mo ṣe ra rísífà àti sípíkà fún pálọ̀ wa l'Ádó-Èkìtì

Bàbá mi ló fà á. Bí wọ́n bá ti wá kí wa láti Ìdó-Èkìtì, tí a jọ ń wo fíìmù Yorùbá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi mí títí ilẹ̀ á fi ṣú: "Kí ló wí?" Bí mo bá yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, orin á bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ọmọ tó ń sùn á sì jí.

₦200,000 ni mo tù jọ láti fi ra rísífà, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn lára tẹlifíṣọ̀n tó sì ń pín in fún sípíkà, àti sípíkà tí yóò bá a lọ. Òkèṣà ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọmọkùnrin tó ń tajà gbé páálí kan wá, wọ́n kọ 5,000 watts PMPO gàdàgbà sí i lára. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí á mi ilé yín tìtì." Mo yí páálí náà sẹ́yìn. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ iye iná tó ń fà: 60 watts. Ohun tó ń gba 60 lára ògiri, níbo ló ti fẹ́ rí 5,000 pọ̀? Nọ́ńbà RMS, agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdáwọ́ dúró, ni mo ń wá. PMPO, agbára tí wọ́n ní ó lè yọ fún ìṣẹ́jú àáyá kékeré, ò wúlò ju kí wọ́n fi tajà lọ.

Mo bá yà sọ́dọ̀ ẹlẹ́rù tòkunbọ̀ kan ní Ajílósùn. Rísífà méjì ló wù mí. Àkọ́kọ́ ń dán, ₦70,000 péré, àmọ́ wọ́n kọ AC 120V sí i lẹ́yìn. Ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Bí mo bá kì í bọ iná tiwa bẹ́ẹ̀, èéfín ni n óò rí. Èkejì, 230V, ti ha lórí, ₦95,000. Mo mú un. Kí n tó sanwó, mo ní kó so sípíkà mọ́ ojú ìso kọ̀ọ̀kan ká gbọ́ ọ. Ìkan ń ha gàràgàrà bí a bá ti yí ohùn. Ẹlẹ́rù fín nǹkan sí kókó tí a fi ń yí ohùn, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó dákẹ́.

Ẹ̀yìn rísífà kan náà ló sọ irú sípíkà tí n óò rà: 6 sí 16 ohms (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná; bó bá kéré, iná tó ń fà ló ń pọ̀ sí i). Ẹni tó bá so 4 ohms mọ́ ọn á jẹ́ kó gbóná títí á fi pa ara rẹ̀. Mo ra mẹ́ta oníigi, 8 ohms, ₦80,000: méjì fún ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan fún àárín. Mi ò ra ti ẹ̀yìn, mi ò ra subwoofer, sípíkà ohùn ìsàlẹ̀. Ti àárín yẹn ni mo torí ẹ̀ jáde nílé, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu ń gbà.

Òru ni mo so wáyà, kò síná, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ẹnu há. Nígbà tí iná dé, orin ń dún fẹ́ẹ́fẹ̀ẹ̀fẹ́, ìlù ò ní ikùn rárá. Mo ti ń tẹ nọ́ńbà ẹlẹ́rù kí n lọ bú u. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo rí i: lápá òsì, mo ti fi wáyà tó ní ìlà pupa sí ojú dúdú. Bí sípíkà kan bá ń tì síwájú, èkejì ń fà sẹ́yìn, wọ́n ń pa ohùn ara wọn. Mo yí i padà, ìlù dé. Mo tún wọ inú ètò rísífà, mo fi subwoofer sí No, mo fi sípíkà iwájú (méjì ẹ̀gbẹ́ yẹn) sí Large, ìyẹn ni pé wọ́n lè gbé ohùn ìsàlẹ̀, kí ohùn ìsàlẹ̀ má baà máa lọ síbi tí kò sí nǹkan kan.

Stereo, ohùn ọ̀nà méjì, òsì àti ọ̀tún, ni púpọ̀ nínú fíìmù wa. Nítorí náà mo tẹ Pro Logic II, ètò kan nínú rísífà náà, òun ló ń yọ ọ̀rọ̀ ẹnu lọ sí sípíkà àárín.

Bàbá dé lọ́jọ́ Sátidé. Fíìmù ti lọ tó ìdajì, wọn ò tíì bi mí ní nǹkan kan. Ìgbà tó yá ni wọ́n yí sí mi: "Dín in kù díẹ̀. Ṣé o rò pé adití ni mí ni?"