Bí a ṣe ń ya báà ṣáàtì, láti orí pépà dé orí kọ̀ǹpútà

Ẹ wo iye èèyàn tí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 kà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà:

Èkìtì: 2,398,957
Èkó: 9,113,605
Ògùn: 3,751,140
Oǹdó: 3,460,877
Ọ̀ṣun: 3,416,959
Ọ̀yọ́: 5,580,894

Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ gbójú kúrò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Èkó nìkan lẹ máa rántí. Ohun tí báà ṣáàtì ń ṣe ni pé ó ń sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan di ọ̀pá, gígùn ọ̀pá náà sì ni iye. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ti ba gígùn ọ̀pá jẹ́ ti ba gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́. Àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà yìí la máa fi ya tiwa.

Ṣé báà ṣáàtì ló yẹ é?

Àwọn nǹkan tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀pá wà fún: ìpínlẹ̀, ọjà, kíláàsì, irè oko. Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lẹ ń tẹ̀ lé láti ọdún dé ọdún, bí iye tí wọ́n ń ta gàárì, ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ ló máa fi hàn jù. William Playfair, ọmọ Scotland tí wọ́n sábà máa ń kà sí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ báà ṣáàtì jáde ní 1786, ìlà lòun náà fẹ́ràn. Ìlà ló fi ya òwò tí England ń bá àwọn ilẹ̀ mìíràn ṣe láti ọdún dé ọdún. Nígbà tó kan Scotland, àkọsílẹ̀ ọdún kan péré ló rí, ọdún kan ò sì ṣeé fà ní ìlà. Ló bá ya ọ̀pá méjì méjì fún ibi kọ̀ọ̀kan tí Scotland ń bá ṣòwò, ọ̀kan fún ọjà tó ń wọlé, èkejì fún ọjà tó ń jáde. Àìríbi-yà-sí ló bí ohun tí gbogbo ayé ń lò lónìí.

Páì ṣáàtì, èyí tó rí róbótó tí wọ́n pín sí ègé ègé, ńkọ́? Èmi kì í sábà yà á. Ègé méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba kì í yé ojú.

Lórí pépà

Ẹ wá pépà gíráàfù, rúlà àti pẹ́ńsù. Kí ẹ tó fa nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ tún àwọn nọ́ńbà tò, kí èyí tó pọ̀ jù ṣáájú: Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó, Ọ̀ṣun, Èkìtì. Títò wọ́n ní a-b-d, bí mo ṣe tò wọ́n lókè, dára fún ẹni tó ń wá orúkọ ìpínlẹ̀ rẹ̀. Kò ṣe ẹni tó fẹ́ fi wọ́n wéra láǹfààní kankan. Àmọ́ ohun tó bá ti ní ètò tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí oṣù, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tàbí ọjọ́ orí, ẹ má ṣe tú u ká. Ọjọ́rú ò ní ṣáájú Ọjọ́ Ajé nítorí pé ọjà tà jù ní Ọjọ́rú.

Ẹ fa ìlà kan tó dúró gbọọrọ, ẹ fa òmíràn tó dùbúlẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa fi díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 9, torí náà ẹ jẹ́ kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mílíọ̀nù kan, kí ìlà tó dúró sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ kọ 0 sí ìdí rẹ̀, kí ẹ máa ka á lọ dé 10. Ẹ kọ "mílíọ̀nù èèyàn" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀pá. Ti Èkó á ga tó sẹ̀ǹtímítà 9.1, Ọ̀yọ́ 5.6, Ògùn 3.8, Oǹdó 3.5, Ọ̀ṣun 3.4, Èkìtì 2.4. Kí gbogbo wọn fẹ̀ bákan náà, torí bí ọ̀kan bá sanra ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ojú á rò pé ó pọ̀ jù wọ́n lọ ni. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀pá kan sí èkejì. Àyè yẹn ló ń sọ pé Ọ̀yọ́ yàtọ̀ sí Ògùn.

Ẹ wo Oǹdó àti Ọ̀ṣun dáadáa. Èèyàn 43,918 ló wà láàárín wọn, lórí pépà wa kò sì tó ìdajì mìlímítà. Ẹnu pẹ́ńsù fúnra rẹ̀ nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ẹ kọ iye sórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan: 3.46 fún Oǹdó, 3.42 fún Ọ̀ṣun.

Àkọlé ló kàn. "Iye èèyàn ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà, 2006" ò burú, ṣùgbọ́n ó tún sàn kí àkọlé sọ ohun tí ọ̀pá fi hàn: "Ọ̀yọ́ àti Ògùn lápapọ̀ ló fi díẹ̀ ju Èkó lọ." Lábẹ́ ṣáàtì, ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí nọ́ńbà. Lórí ọ̀rọ̀ tiwa yìí, ó pọn dandan. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ò gba iye tí àjọ ìkànìyàn gbé jáde; ìkànìyàn tí àwọn fúnra wọn ṣe ní 2006 sọ pé èèyàn lé ní mílíọ̀nù 17. Ẹni tó bá ya iye tiwọn, ọ̀pá Èkó rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ní ìlọ́po méjì tiwa, òǹkàwé sì gbọ́dọ̀ mọ ìdí rẹ̀.

Má gé ìdí ọ̀pá

Bí a bá fẹ́ mọ èyí tó ga jù nínú ọmọ méjì, a kì í rì wọ́n mọ́lẹ̀ dé ìbàdí ká tó wá wọn èyí tó kù lókè. Ohun tí àwọn kan ń fi ọ̀pá ṣe gan-an nìyẹn. Ká ní ìlà wa bẹ̀rẹ̀ láti mílíọ̀nù 2 dípò òdo, ọ̀pá Èkó á ku sẹ̀ǹtímítà 7.1, ti Èkìtì á ku 0.4. Ẹni tó bá wò ó á ní Èkó tó Èkìtì lọ́nà 18. Lóòótọ́, kò tó ìlọ́po mẹ́rin. Kò sí nọ́ńbà kankan tí wọ́n yí padà níbẹ̀, síbẹ̀ irọ́ ni. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò bí olóṣèlú tàbí ẹni tó ń polówó ọjà bá gbé ṣáàtì síwájú yín.

Ọ̀pá méjì méjì

Bí ẹ bá fẹ́ fi ìkànìyàn 1991 wé ti 2006, ẹ ya ọ̀pá méjì tó fara kan ara wọn fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àwọ̀ ọ̀kan ṣú ju ti èkejì lọ, kí ẹ sì kọ èyí tó jẹ́ ti ọdún wo. Èkó 5,725,116 ní 1991, Ọ̀yọ́ 3,452,720, Ògùn 2,333,726, Ọ̀ṣun 2,158,143. Tó bá kan Oǹdó, ẹ rọra. 3,785,338 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 1991. Bí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 3,460,877 ti 2006, ṣe ló máa dà bíi pé àwọn ará Oǹdó ń sá kúrò nílé. Kò sẹ́ni tó sá lọ síbi kankan: ọdún 1996 ni wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó. Ẹ ro àwọn méjèèjì pọ̀ fún 2006, kó di 5,859,834, kí ẹ sì kọ "Oǹdó àti Èkìtì" sábẹ́ ọ̀pá náà.

Lórí kọ̀ǹpútà

Nínú Excel tàbí Google Sheets, ẹ kọ orúkọ ìpínlẹ̀ sí òpó kìn-ín-ní, iye sí èkejì. Ẹ fa máòsì gba orí gbogbo rẹ̀, ẹ lọ sí Insert, kí ẹ yan ṣáàtì. Ọ̀pá tó dúró ni Excel ń pè ní Column. Èyí tó dùbúlẹ̀ ló ń pè ní Bar. Bí orúkọ bá gùn, èyí tó dùbúlẹ̀ ni kí ẹ mú, kí òǹkàwé má baà máa yí ọrùn. Excel á gbé ìlà àkọ́kọ́ yín sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ tẹ àwọn orúkọ tó wà lórí ṣáàtì náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì máàkì "Categories in reverse order". Bí iye bá sún mọ́ra jù, ó lè fúnra rẹ̀ gé ìdí ọ̀pá, torí náà ẹ yẹ Minimum, ìyẹn ibi tí ìlà iye ti bẹ̀rẹ̀, wò, kí ẹ kọ 0 síbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan 3-D rárá: ọ̀pá á tẹ̀ sẹ́yìn, kò sì ní yé ẹnikẹ́ni ibi tí orí rẹ̀ dúró sí.

Àwọ̀ kan ṣoṣo ti tó fún ọ̀pá mẹ́fà. Bó bá jẹ́ Èkìtì lọ̀rọ̀ yín dá lé, ẹ kun tirẹ̀ nìkan ní àwọ̀ mìíràn. Bó bá sì jẹ́ orí WhatsApp lẹ máa fi ránṣẹ́ sí, ẹ kọ́kọ́ ṣí i lórí fóònù yín láìfọwọ́ fẹ̀ ẹ́. Bí nọ́ńbà orí ọ̀pá ò bá ṣeé kà, ẹ padà lọ sọ lẹ́tà di ńlá.