Kí ẹ tó gbé àdá: bí mo ṣe ń ṣe òwúrọ̀ ní abà wa lẹ́yìn Òṣú

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo fi ọdún 31 ṣe ní Iléṣà. Nígbà tí ojú mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́, mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, mo gbé ẹ̀kẹta dání, mo kó lọ sí abà bàbá mi lẹ́yìn Òṣú. Ọdún 2017 nìyẹn. Ilẹ̀ náà tó éékà 4. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lókè lẹ́bàá ọ̀nà, kòkó sì sọ̀ kalẹ̀ títí dé etí odò. Òṣómàáló ni bàbá mi. Wọ́n ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Owó òṣó yẹn ni wọ́n fi ra ilẹ̀ tí mò ń sọ yìí.

Lóde òní, àwọn ará ìlú ti ń ra ilẹ̀ yí wa ká. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà lápá òsì mi. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ń wá lọ́sẹ̀ méjì méjì. Bí wọ́n bá rí mi, ìbéèrè wọn kì í ju oògùn kòkó, iye tí alágbàṣe ń gbà, àti ibi tí wọ́n ti lè ra irúgbìn. Kò tíì sí ẹni tó bi mí bí a ṣe ń kí Bàbá Ọlọ́pẹ. Bẹ́ẹ̀ ohun tí èmi náà ò mọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ nìyẹn, kòkó ni mo sì fi kọ́ ọ.

Nígbà yẹn, bí mo bá ti jí, màá gbé àdá, ó di inú oko. Bàbá Ọlọ́pẹ bá mi pààlà létí odò. Màá juwọ́ sí wọn láti òkèèrè, màá ní “Ẹ káàárọ̀ sà!”, ó parí. Òjò oṣù keje wá dé, kò sì dá. Àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú wọ apá odò, níbi tí ìbòòji ti pọ̀ jù, tí èmi kì í sì í sábà dé. Kí n tó fojú kàn án, èso ti jẹrà lórí igi tó tó 40. Mo gba ọ̀dọ̀ Bàbá Ọlọ́pẹ lọ, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá lọ sídìí ọ̀pẹ wọn láràárọ̀.

“Bàbá, ṣé ẹ ò rí kòkó mi ni?”

“Mo rí i. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

“Ẹ ò wá sọ fún mi?”

Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi. “O ò dúró rí.”

Bí mo ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ náà nìyí.

Agogo 5 kọjá ààbọ̀ ni mò ń jí. Iṣẹ́ inú ilé kì í gbà mí ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Màá wo ojú ọ̀run bóyá kí n ṣí ọ̀rá lórí kòkó tí mo sá tàbí kí n fi í sílẹ̀. Màá ṣí ilé adìyẹ, màá kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde, màá bu omi fún wọn. Adìyẹ ò gba àlàyé púpọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mò ń rìn yí ààlà ká. Àdá wà lọ́wọ́ mi nítorí ejò, ṣùgbọ́n n kì í fi ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó lójú ọ̀nà, oòrùn á ti mú kí ẹ tó dé òdìkejì, ẹni tí ẹ fẹ́ kí á sì ti kúrò níbẹ̀. Pèrègún ni wọ́n gbìn sí ààlà wa, nítorí pèrègún kì í tètè kú: bí ẹ gé e, á tún rúwé. Mo máa ń kà á bí ẹni ń ka bọ́tìnnì, 17 láàárín èmi àti Bàbá Ọlọ́pẹ, 9 láàárín èmi àti olùkọ́. Bí ọ̀kan bá wó, ẹ má dá a gbìn padà. Ẹ pe ẹni tí ẹ jọ pààlà, kí òun dì í mú, kí ẹ̀yin kó erùpẹ̀ sí i nídìí. N ò ní ẹnikẹ́ni fẹ́ jí ilẹ̀ o. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá dé lọ́jọ́ iwájú tí wọ́n ń bèèrè ibi tí ààlà wà, ó sàn kó jẹ́ pé ẹni méjì ló máa nawọ́ síbì kan náà.

Ìkíni ló ń gba àkókò, ẹ jẹ́ kó gbà á. Ẹ dúró. Ẹ fẹnu àdá kọlẹ̀, nítorí ẹni tó gbé àdá sókè tó ń kí èèyàn, ìjà ló jọ. Ẹni tó bá ń roko, “Àrokobọ́dúndé o!” ni ẹ máa kí i, òun náà á ní “Àṣẹ o.” Ẹni tó bá jókòó, ẹ kú ìjókòó. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ kú òjò. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ kú ọyẹ́. Bí ẹ bá bá wọn nídìí oúnjẹ, wọ́n á ní kí ẹ wá jẹun. “Á gba ibi ire o” ni ìdáhùn, ẹ ò sì gbọdọ̀ sún mọ́ àwo àfi bí wọ́n bá pè yín lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá jẹ́ iyán, èmi kì í dúró de ẹ̀ẹ̀kejì. Ìjẹ̀ṣà ni mí.

Ẹ má ti orí oko bẹ̀rẹ̀. Ẹ bèèrè oorun, ẹ bèèrè ará ilé, ẹ bèèrè ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Iye àpò tí èèyàn rí lọ́dún yìí, ẹ má bèèrè rẹ̀ rárá. Bó bá fẹ́ kí ẹ mọ̀, ẹ máa mọ̀. Ọ̀rọ̀ tó wúlò gan-an kì í bá ìkíni jáde. Ìgbà tí ẹ bá ti ń lọ, tí ẹ ti kẹ̀yìn, ló máa ń bọ́ lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ èmi àti Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ lọ́jọ́ kan nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Àrokobọ́dúndé!”

“Àṣẹ o, Bàbá Télọ̀. Ṣé ẹ jí ire?”

“A dúpẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?”

“Ó ti ń lọ. Òjò ló máa ń rán an létí.”

“Ara á le o. Ẹ jẹ́ n máa lọ.”

“Ó dàbọ̀ o. Ẹ̀n-ẹ́n, ewúrẹ́ funfun kan kọjá níbí láfẹ̀mọ́júmọ́, ó dorí kọ ẹ̀gẹ́ yín. Okùn wà lọ́rùn rẹ̀.”

Ká ní n ò bèèrè ẹsẹ̀, bóyá ni mi ò bá gbọ́ ti ewúrẹ́.

Bí ewúrẹ́ ẹlòmíràn bá wọko yín, ẹ má sọ òkò lù ú. Ẹ so ó síbi ìbòòji, ẹ gbé omi fún un, kí ẹ rán ọmọ sí olówó rẹ̀. Bó bá dé, ẹ mú un lọ wo ẹ̀gẹ́ tí ẹran náà jẹ, kí ẹ má sì dárúkọ owó. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ Lọ́jà, bí àwa Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe baálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni tèmi dé ọ̀dọ̀ Lọ́jà, èmi sì ni mo jẹ̀bi, nítorí n kò tíì kí olówó ewúrẹ́ yẹn rí láti ìgbà tí mo ti dé abà.

Bíbo kòkó ni iṣẹ́ tí a ò lè yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bí a bá ti fọ́ kòkó, a ó kó o jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó fi ewé bò ó fún ọjọ́ 5 tàbí 6, a ó sì máa rò ó pọ̀ ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹrin kí ooru lè dé ibi gbogbo. Ooru yẹn ló ń sọ ọ́ di kòkó gidi. Èyí tí kò bá gbóná tó, inú rẹ̀ á dà bí àwọ̀ àlùbọ́sà pupa, á korò, ẹni tó ń rà á á sì mọ̀ bó bá ti là á. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òkìtì kékeré kì í gbóná. Níbẹ̀rẹ̀ ìkórè, lóṣù kẹsàn-án, mo lè má rí ju apẹ̀rẹ̀ méjì lọ. Bàbá Ọlọ́pẹ, tí wọ́n ní kòkó díẹ̀ láàárín ọ̀pẹ wọn, á rí apẹ̀rẹ̀ kan àbọ̀, olùkọ́ á rí ẹyọ kan. A ó dà á pọ̀ sójú kan.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, apẹ̀rẹ̀ kan náà ni kí ẹ fi wọn ti gbogbo yín, lójú gbogbo yín, kí ẹ fi èédú kọ ọ́ sára ògiri. Bó bá gbẹ, ẹ fi kóńgò kan náà pín in bí ẹ ṣe kọ ọ́. Kòkó gbígbẹ kì í tó ìdajì ìwọ̀n tútù. Lọ́dún tí olùkọ́ kọ́kọ́ bá wa dà á pọ̀, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ wọn dání wá gba apẹ̀rẹ̀ kan padà. Mo ní, “Olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa ní ìṣirò!” Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó tó ọjọ́ mẹ́rin kí ẹ̀rín olùkọ́ tó dénú. Sísá rẹ̀ lóòrùn lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ gbọ̀n ọ́n: bó bá ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, ó ti gbẹ.

Ní ti àáró, àwa márùn-ún ni. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀, gbogbo wa á lọ bá a ṣánko, á sì san án padà ní ọjọ́ tiwa. Owó ò wọ̀ ọ́. Bí ẹ ò bá lè wá, ẹ rán ẹni tí agbára rẹ̀ tó tiyín, ẹ má rán ọmọ kékeré. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀: iṣẹ́ ńlá bíi kíkan òrùlé ni, ẹni tó pe ọ̀wẹ̀ ló ń bọ́ ọ̀wẹ̀. Ọmọkùnrin Èkó pe ọ̀wẹ̀, ó gbé bisikí àti omi inú ọ̀rá wá. Wọ́n bá a ṣe é tán o, ṣùgbọ́n títí di òní, bí ẹnì kan bá ní òun ń pe ọ̀wẹ̀, wọ́n á bi í bóyá ti bisikí ni.

Iná ni ẹ máa fi ìṣọ́ra ṣe jù. Wọ́n máa ń kì wá pé Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko. Oríkì dídùn ni. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ fi iná sílé. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ sun pàǹtí, ẹ sọ fún gbogbo ẹni tí ẹ jọ pààlà ní ọjọ́ kan ṣáájú, ẹ gbálẹ̀ yí i ká títí erùpẹ̀ á fi hàn, ó kéré tán ìgbésẹ̀ 6, kí ó di ìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn bá rọlẹ̀ kí ẹ tó tanná sí i. Ẹ dúró tì í pẹ̀lú omi títí eérú á fi tutù. Ẹni tí ẹ sọ fún ló máa gbé korobá wá bí ó bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Lọ́dún 2024, nígbà tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 lọ́jà àgbáyé, àwọn olè ò dúró de gbígbẹ mọ́, tútù ni wọ́n ń ká lórí igi. Àwa márùn-ún tí à ń ṣe àáró náà la pín òru ṣọ́ oko. A ò ṣe ìpàdé kan. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló sọ fún mi lẹ́yìn “ó dàbọ̀” pé àwọn rí ipa ẹsẹ̀ bàtà létí odò, Bàbá Ọlọ́pẹ ò sì wọ bàtà lọ sóko rí.

Agogo 8 ni mo sábà máa ń tó gé koríko àkọ́kọ́. Lánàá, ó di 10. Ẹsẹ̀ Ìyá tún ń dùn wọ́n, mo bá wọn ru ìdì tẹ̀tẹ̀ mẹ́ta dé títì kí ọkọ̀ Iléṣà tó lọ.