Bí a ṣe ń mú kí ọkọ̀ apẹja oníkùn méjì jókòó dáadáa lórí omi

Bí ẹ bá rí ẹni tó ti pààrọ̀ pùrópẹ́là (ohun tó ń yí lábẹ́ omi láti ti ọkọ̀ síwájú) lẹ́ẹ̀mejì, tó tún gbé dírìlì láti lu ihò kẹta sí ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ẹ bá mi gba dírìlì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní kó kọ́kọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì epo kúrò lẹ́yìn.

Ọkọ̀ oníkùn méjì ni mò ń bá wí, èyí tó ní ara gígùn méjì tí pèpéle so pọ̀ láàárín, tí àwọn míì ń pè ní katamaráànì. (Àwọn Tamil ní Íńdíà ló ni ọ̀rọ̀ yẹn, igi tí a so pọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀.) Ẹni tó ti fi ọkọ̀ oníkùn kan pẹja lórí ọ̀sà láti kékeré á rò pé ọkọ̀ lọkọ̀ ń jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti omi tó ń hó bí ọṣẹ ń gba àárín ìkùn méjèèjì kọjá, àárín yẹn náà sì ni a máa ń gbé ẹ́ńjìnnì sí bó bá jẹ́ ẹyọ kan la ní.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́n omi inú rẹ̀. Ìkùn kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tirẹ̀. Àwọn èèyàn á gbọ́n tọ̀tún, wọ́n á gbàgbé tòsì, wọ́n á wá máa bi mí ìdí tí ọkọ̀ fi ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ẹrù sí i bí ẹni tó ń lọ síṣẹ́: epo, kúlà yìnyín, àwọ̀n, ìdákọ̀ró, àti iye èèyàn tó máa ń bá yín lọ. Ẹ ṣe é láàárọ̀ kùtù kí afẹ́fẹ́ tó dìde. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n láti etí ọkọ̀ dé ojú omi, níwájú àti lẹ́yìn, lápá méjèèjì. Bí ọ̀tún àti òsì bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ yàtọ̀ síra, èmi kì í tú okùn ọkọ̀ yẹn.

Láti mọ ibi tó yẹ kí ẹrù wà, ẹ kó ẹrù gidi sílẹ̀, kí ẹ pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kílò 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa sún wọn síwá sẹ́yìn títí ọkọ̀ á fi jókòó bí ẹ ṣe fẹ́, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibẹ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì sàn ju kí mẹkáníìkì máa fojú díwọ̀n. Ẹ má gbé ohun tó wúwo sí imú rárá. Imú ọkọ̀ yìí tín-ín-rín, kò ní ikùn tí yóò fi gbé ara rẹ̀ dìde; tó bá ti rì wọ omi, òun ló máa darí ọkọ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí ìdí náà bá sì wúwo jù, imú á gbé sókè, omi á máa gbá abẹ́ pèpéle àárín pàà-pàà. Epo mi máa ń wà ní àárín gbùngbùn. Ẹ rántí pé àwọ̀n tútù wúwo ju èyí tí ẹ kó wọlé ní gbígbẹ lọ, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un.

Ó dọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì wàyí, ibí gan-an ni wọ́n ti ń bà á jẹ́. Ẹ wo irin pẹlẹbẹ tó nà jáde lókè pùrópẹ́là. Pléètì ni a ó máa pè é. Lára ọkọ̀ oníkùn kan, pléètì yìí àti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bó bá tilẹ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kò sí wàhálà. Mẹkáníìkì tí èyí ti mọ́ lára á gbé ẹ́ńjìnnì yín sókè bákan náà. Bí ẹ bá ń lọ tààrà lójú omi tó dákẹ́, kò ní sí ìjà. Ẹ yà díẹ̀, tàbí kí ìgbì kan gbé yín, ẹ́ńjìnnì á dédé figbe ta, ọkọ̀ á sì rọ̀ lábẹ́ yín. Pùrópẹ́là ti gbé afẹ́fẹ́ mì nìyẹn. Bí ẹ bá dín tírọ́ọ́tù (ohun tí a fi ń mú ẹ́ńjìnnì sáré) kù, á tún gbá omi mú. Àìmọye èèyàn ló ti ra pùrópẹ́là tuntun nítorí igbe yìí, tí wọ́n ní rọ́bà inú rẹ̀ ló ń yọ̀. Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan láti àárín pùrópẹ́là dé ara ìta rẹ̀. Bí ẹ bá dé, tí ìlà náà ṣì tò, rọ́bà kọ́ ló ṣe yín. Ẹ tún wò bóyá ọ̀rá omi pọ̀ọ́wọ̀tà tàbí koríko ojú omi ló wé mọ́ ọn. Láti ọdún 1984 tí koríko yẹn ti yọ lójú omi Bàdágìrì, kò tíì fi wá lọ́rùn sílẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀, ẹ na pákó tó gún dáadáa láti ìsàlẹ̀ ìkùn kan dé èkejì ní ìdí ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí pléètì rẹlẹ̀ ju pákó yẹn lọ ní sẹ̀ǹtímítà 4. Bí kò bá lè dé ibẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, ti íǹṣì 15, ni wọ́n tà fún yín. Ti íǹṣì 20 lẹ nílò. Láti ibẹ̀, pákó pẹlẹbẹ oní sẹ̀ǹtímítà 1 ni kí ẹ máa kì bọ abẹ́ ìkọ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń di ìdí ọkọ̀ mú, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbé e jáde, kí ẹ yà sọ́tùn-ún, kí ẹ yà sósì. Níbi tó bá ti ké, ẹ yọ pákó kan kúrò. Ibẹ̀ ni.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ LU IHÒ. Ìkọ́ ọlọ́wọ́ méjì tí ẹ́ńjìnnì ní ló ń dì í mú, nítorí náà ẹ fi okùn tó nípọn dè é mọ́ ọkọ̀, ẹ máa tún un fún lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, ẹ má fa tírọ́ọ́tù dé òpin. Ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 (alágbára ẹṣin 40) ju 70 kílò lọ. Bó bá fò sínú ọ̀sà, ọ̀rọ̀ ti di ti àwọn òmùwẹ̀. Okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ yín, láífù jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn yín. Ẹ sì máa wo omi tí ẹ́ńjìnnì ń tọ̀. Bí ìtọ̀ yẹn bá já, ẹ ti gbé e ga jù, á sì jó.

Tó bá ti wá dá yín lójú, ẹ lu ihò bóòtù tí yóò di ẹ́ńjìnnì mú lẹ́ẹ̀kan. Pákó ló wà nínú fáìbà ìdí ọkọ̀, omi tó bá gba ihò wọlé á sì jẹ ẹ́ rà láìjẹ́ pé ẹ rí i. Ẹ lù ú kó tóbi ju bóòtù lọ, ẹ fi résìn (oje kẹ́míkà tó máa ń gan) dí i, kó gbẹ, kí ẹ wá lu ihò bóòtù gangan sáàrin résìn. Ihò àtijọ́ náà, résìn ni. Ẹ má fi àbẹ́là tàbí sílíkóònù ilé ìwẹ̀ tàn ara yín jẹ. Tí ẹ bá ń ra bóòtù tí kì í dípẹtà, ẹ mú òòfà dání. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ òòfà gbàgà, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Ìyókù rọrùn. Ẹ fi píìnì tó ń gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sí ihò kejì láti ìsàlẹ̀. Bí imú bá ń walẹ̀, ẹ sún un sí ìkẹta. Ti pùrópẹ́là, ẹ gbé ẹrù kíkún, ẹ fa tírọ́ọ́tù dé òpin: Yamaha Enduro 40 yẹ kó wà láàrin 4500 sí 5500 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá dé ibẹ̀, ẹ dín pítíìṣì (bí pùrópẹ́là ṣe yẹ kó lọ síwájú tó nínú ìyípo kan) kù ní íǹṣì kan, ìyípo á fi bíi 150 sí 200 lé sí i. Mítà kékeré tí wọ́n ń wé mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì ti tó fún èyí.

Nígbà tí ẹ bá ń yà, ẹ kọ́kọ́ dín eré kù. Ọkọ̀ oníkùn kan máa ń tẹ̀ sí inú. Tiyín á tẹ̀ síta, ẹni tó bá jókòó sí etí láìdi nǹkan mú lè rí ara rẹ̀ nínú omi. Bí ẹ bá ti lo wákàtí méjì àkọ́kọ́, ẹ dúró, kí ẹ fi sípánà tún gbogbo bóòtù ìdí ọkọ̀ fún.