Ìwé kan ló ń bí èkejì: ètò fún ọmọ Òkun tó ń lọ lo sẹ̀mẹ́sítà kan ní Jámánì

Ọ̀kún o, ìwọ tí yunifásítì rẹ fẹ́ fi ṣe pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Yálà Kábbà lo ti ń lọ, yálà Ìsánlú, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ́ tàbí Ìyàrà, ohun tó sábà máa ń há ọmọ wa lọ́hùn-ún kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ìwé àṣẹ ni. Ní Jámánì, ìwé kan ló ń bí èkejì, ẹni tó bá sì fo ọ̀kan, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e yóò dúró.

Tübingen, Marburg, Göttingen àti Bayreuth kì í ṣe ìlú ńlá, akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ibẹ̀, nítorí náà ilé máa ń wọ́n gan-an ní oṣù kẹwàá. Ẹni tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà tàbí èdè wa, kó kọ́kọ́ wo Bayreuth. Iwalewahaus, ilé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà tí Ulli Beier dá sílẹ̀ ní 1981, wà níbẹ̀, "ìwà lẹwà" tiwa ni wọ́n sì fi sọ ilé náà.

Kí o tó kúrò nílé

Bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́wàá ṣáájú. Sẹ̀mẹ́sítà ìgbà òtútù wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, ó sì parí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ṣùgbọ́n àárín oṣù kẹwàá sí àárín oṣù kejì ni kíláàsì fi ń wáyé. Yunifásítì tìrẹ ló máa fi orúkọ rẹ ránṣẹ́, nítorí náà ọ́fíìsì tó ń bójú tó àjọṣe pẹ̀lú òkèèrè ni kí o kọ́kọ́ lọ.

Yẹ orúkọ rẹ wò lórí pásípọ́ọ̀tù, èsì WAEC àti transcript. Bí ọ̀kan bá ní Olúfẹ́mi tí èkejì ní Fẹ́mi, tún un ṣe nísinsìnyí, nítorí àtúnṣe láti òkèèrè a máa gba oṣù púpọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Learning Agreement, ìwé tí ìwọ, yunifásítì rẹ àti tọ̀hún máa buwọ́ lù. Kíkún fún sẹ̀mẹ́sítà kan jẹ́ 30 ECTS, ìyẹn kírẹ́díìtì ilẹ̀ Yúróòpù, ECTS kan sì jẹ́ iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: HOD buwọ́ lù ú, ṣùgbọ́n kò sí kóòdù kọ́ọ̀sì ilé tí ti òkèèrè máa rọ́pò. Nígbà tí ọmọ bá padà dé, wọ́n á ní kó tún kọ́ọ̀sì náà ṣe. Rí i pé kóòdù dojú kọ kóòdù, kí ọjọ́ àti òǹtẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Fún físà, kọ́ńsúlétì Jámánì ní Èkó ni wàá lọ, 75 yúrò sì ni owó rẹ̀. Má sun Kábbà kí o wá máa retí àtidé Èkó fún ìpàdé òwúrọ̀. Ọjọ́ kan ṣáájú ni kí o ti wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án 2024, wọ́n ń béèrè ẹ̀rí 992 yúrò fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́fà jẹ́ 5,952, inú àkáǹtì tí wọ́n ń ti owó mọ́, tí wọ́n ń pè ní Sperrkonto, ló sì máa ń wà. Bí o bá ní sikọ́láṣíìpù, lẹ́tà rẹ̀ lè dípò èyí, bó bá kọ iye owó oṣù kan àti oṣù tó máa fi san án ní kedere. Lẹ́tà tó kàn ní "a ó ràn án lọ́wọ́" kò wúlò.

Má di kílíṣí tàbí wàrà sínú ẹrù: ẹran àti ohun tí a fi mílíìkì ṣe kò gbọdọ̀ wọlé. Odidi iṣu tí kò ní ìwé ìlera ohun ọ̀gbìn, wọ́n á gbà á. Ẹja gbígbẹ tí a ti yọ ìfun rẹ̀ lè wọlé, kó má ju 20 kìlò lọ. Iná wọn, 230 fólítì, bá tiwa mu. Pọ́lọ́ọ̀gì nìkan ló yàtọ̀, ra adapter.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Orúkọ ara àpótí lẹ́tà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, ṣáájú káàdì fóònù pàápàá. Ní ẹnu ọ̀nà ilé, wàá rí àpótí irin kéékèèké ní ìlà, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pélébé bébà tí wọ́n kọ orúkọ sí lábẹ́ ike. Bí orúkọ rẹ ò bá sí níbẹ̀, ẹni tó ń pín lẹ́tà á dá a padà. Kò ní béèrè lọ́wọ́ ará ilé. Nọ́ńbà báǹkì rẹ, lẹ́tà ìbánigbófò, ti ọ́fíìsì àjèjì, inú àpótí yẹn ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà. Kọ orúkọ ìdílé rẹ bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù.

Ọjọ́ tí o bá gba kọ́kọ́rọ́ ni kí o gba Wohnungsgeberbestätigung, ìwé tí onílé fi jẹ́rìí pé o ti wọlé. Ìwé àdéhùn owó ilé kò lè rọ́pò rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 14, mú un pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù lọ sí Bürgeramt, ọ́fíìsì ìjọba ìlú náà, láti forúkọ sílẹ̀. Anmeldung ni wọ́n ń pè é. Ìwé tí wọ́n bá fún ọ, Meldebescheinigung, ni báǹkì àti Ausländerbehörde, ọ́fíìsì àjèjì, máa béèrè.

Ìbánigbófò ìlera ti ìrìn àjò kì í tó fún ìforúkọsílẹ̀ ní yunifásítì. Bí o kò bá tíì pé 30 ọdún, mú ti ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́, tó lé ní 130 yúrò lóṣù. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò fúnra wọn ló ń fi ìsọfúnni M10, ẹ̀rí bí ìbánigbófò rẹ ṣe rí, ránṣẹ́ sí yunifásítì láti orí kọ̀ǹpútà. Sọ fún wọn pé kí wọ́n fi í ránṣẹ́. Wo ọjọ́ tí físà rẹ máa parí. Bó bá ṣáájú ọjọ́ ìpadàbọ̀ rẹ, kọ̀wé sí Ausländerbehörde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú, kí o sì tọ́jú ẹ̀rí pé o kọ ọ́.

Lẹ́tà Rundfunkbeitrag, owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, náà á dé, 18.36 yúrò lóṣù. Iye yìí wà fún ilé kan, kì í ṣe fún orí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé bá ń san án, fi nọ́ńbà tirẹ̀ dá wọn lóhùn. Má ṣe dákẹ́.

Nínú kíláàsì àti nínú ilé

"10 c.t." lórí àtẹ kíláàsì túmọ̀ sí aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 15, "s.t." jẹ́ aago mẹ́wàá gan-an. Èdè wọn ní ẹ àti o bíi tiwa: Sie ni ẹ, du ni o. Olùkọ́, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àti onílé, Sie ni; akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ, du ni, bó tilẹ̀ jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí.

Ìforúkọsílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí ti ìdánwò. Àkókò kúkúrú ni wọ́n fi ń ṣí ti ìdánwò, bó bá sì ti tì, ẹni tó wá kíláàsì lójoojúmọ́ pàápàá kò ní jókòó ṣe é. Béèrè ọjọ́ náà ní ọ̀sẹ̀ kìíní.

Ní ti iyán: láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, àti ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, wọn kì í fẹ́ ariwo, ọmọ odó lórí ilẹ̀ àjà kejì sì ń dún gbọ̀ngbọ̀n lórí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ìyẹ̀fun iyán tí a ń rò lórí iná ló dára. Ra oúnjẹ ní Sátidé, torí ṣọ́ọ̀bù máa ń tì ní Àìkú. Bí o bá ti din ata tán, ṣí fèrèsé gbayawu fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, kódà nínú òtútù. Fèrèsé tí a ṣí díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ló ń sọ ògiri di tútù, oru omi á rọ̀ mọ́ ọn, ògiri á hu, wọ́n á sì yọ owó rẹ̀ nínú Kaution, owó ìdúró tó lè tó owó ilé oṣù mẹ́ta. Ya fọ́tò yàrá ní ọjọ́ tí o wọlé.

Kí o tó padà

Fagi lé àdéhùn fóònù àti ìbánigbófò, lọ yọ orúkọ rẹ ní Bürgeramt, ṣùgbọ́n má ti àkáǹtì báǹkì pa títí Kaution yóò fi wọlé. Gba transcript pẹ̀lú ojú ìwé tó ṣàlàyé máàkì wọn. Níbẹ̀, 1.0 ló ga jù, 4.0 ló kéré jù tí a fi ń yege, 5.0 ni ìjákulẹ̀, òdì kejì 5.0 tiwa pátápátá. Láìsí ojú ìwé yẹn, ẹni tó ń tẹ máàkì sí kọ̀ǹpútà nílé lè rí 1.3 rẹ kó kà á sí ti ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kùnà.