Bí ẹ ṣe máa rí alábàárò nígbà tí fífọ́mọ lọ́mú bá le, àti bí ẹ ṣe máa jáwọ́ nínú ṣíṣọ́ oúnjẹ jẹ

Ọ̀pọ̀ ìyálọ́mọ tó bá wá sọ fún wa pé omi ọmú àwọn kò tó kì í dárúkọ oúnjẹ rárá. Wọ́n á sọ bí ọmọ ṣe ń ké mọ́jú, wọ́n á sọ bí orí ọmú ṣe là, wọ́n á sọ gbogbo ohun tí àwọn ẹbí wí. Ó di ìgbà tí ẹnìkan bá bi wọ́n pé, "Kí lẹ ti jẹ láti àárọ̀?" kí wọ́n tó dákẹ́. Tíì lásán ni, nítorí pé aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ kí wọ́n tó lóyún kò tíì gbà wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ń wá ìrànlọ́wọ́ fún ọmú, tó sì ń bo ebi tó ń fi pa ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìmọ̀ràn tí kò bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu ló máa gbà.

Ohun tí kò ní dúró de ìpàdé

Alábàárò, ìyẹn ìyá tó ti fọ́mọ lọ́mú rí tó ń ran ìyá mìíràn lọ́wọ́, kì í ṣe dókítà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò. Ọmọ tuntun máa ń mu ọmú bí ìgbà 8 sí 12 láàárín wákàtí 24. Láti nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, ìlédìí tó tọ̀ sí yẹ kó tó 6, ó kéré tán, lójúmọ́. Ó wọ́pọ̀ kí ìwọ̀n ọmọ dín díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, ṣùgbọ́n tó bá fi máa pé bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kó ti padà sí ìwọ̀n tí wọ́n bí i. Bí ìlédìí bá ń gbẹ, tàbí tí ọmọ ń sùn ṣáá tí ẹ kò lè jí i mu ọmú, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ọmú bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì dé sí i, ẹ lọ rí dókítà, ẹ má sì tìtorí rẹ̀ gba ọmú lẹ́nu ọmọ: wàrà náà kò bàjẹ́. Bí ìbànújẹ́ bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, tàbí tí ọkàn yín bá ń sọ pé kí ẹ ṣe ara yín tàbí ọmọ léṣe, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ sọ fún ẹni tó bá wà nítòsí kó mú yín lọ.

Wíwá àwọn èèyàn náà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti wọ́ọ̀dù tí ẹ bímọ sí. Lọ́dún 1989, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé ìgbésẹ̀ mẹ́wàá kalẹ̀ fún àwọn ilé ìgbẹ̀bí, òun ni wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀ ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991 láti sọ ilé ìwòsàn di ọ̀rẹ́ ọmọ. Ìkẹwàá nínú wọn dá lórí kí wọ́n so ìyá mọ́ àwọn tó máa ràn án lọ́wọ́ nígbà tó bá ń lọ sílé. Nítorí náà, ẹ má bi nọ́ọ̀sì pé, "Ṣé ẹgbẹ́ wà?" torí "rárá" ló yá ẹnu jù. Ẹ bi í pé, "Ẹgbẹ́ àwọn ìyálọ́mọ wo lẹ máa ń júwe fún àwọn tó ń lọ sílé?" Mo ti rí i tí ìbéèrè kejì yìí mú nọ́ọ̀sì dìde lọ tú inú dúrọ́ọ̀ wò, tó sì fa ìwé kan yọ.

Àwọn obìnrin méje ló dá La Leche League sílẹ̀ lọ́dún 1956 ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ìgò ti gba ipò ọmú nílé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó ti wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè báyìí. Ní Norway, àwọn ìyá dá Ammehjelpen sílẹ̀ lọ́dún 1968. Bákan náà ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́: ìyá tó ti fọ́mọ lọ́mú rí, tó sì gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀, ló ń jókòó ti ìyá tí tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, láìgba owó. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí wọ́n wà, ẹ fojú sọ́nà láti ọjọ́ 1 sí 7 oṣù kẹjọ, nígbà Ọ̀sẹ̀ Ìfọ́mọlọ́yàn Àgbáyé, torí ìgbà náà ni wọ́n máa ń jáde síta jù.

Bí kò bá sí ẹgbẹ́, ìyálọ́mọ kan ṣoṣo tó. Èmi kì í júwe ẹni tí ọmú rọ̀ lọ́rùn láti ọjọ́ kìíní. Ẹni tó jìyà rẹ̀ tó sì là á já ni kí ẹ wá, kí ọmọ rẹ̀ tó kéré jù má sì tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ. Ẹni tí tirẹ̀ ti pẹ́ máa ń rántí ayọ̀ rẹ̀, ó sì ti gbàgbé bí orí ọmú ṣe ń ta.

Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ lọ

Ẹ má fún ọmọ lọ́mú ní àmuyó kí ẹ tó jáde. Ó dùn mọ́ ìyá láti mú ọmọ tó ti yó, tó ń sùn, lọ sípàdé, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń sùn kò lè fi bó ṣe ń mu ọmú han ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí ó ku díẹ̀ kí ebi pa á. Bí ẹ kò bá lè jáde, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan fi fóònù ya fídíò yín láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹnu àti àgbọ̀n ọmọ hàn kedere, kó bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó gbá ọmú mú. Ìṣẹ́jú kan péré tó.

Ohun tí wọ́n máa wò nìyí: ṣé ẹnu ọmọ là gbàgà, ṣé àgbọ̀n rẹ̀ kan ọmú, ṣé ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ yí síta, ṣé ibi dúdú tó yí orí ọmú ká hàn lókè ẹnu ọmọ ju ìsàlẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ọmọ bá fi í sílẹ̀, ẹ wo orí ọmú kíákíá. Bó bá jáde ní pẹlẹbẹ tàbí tó dàgẹ̀rẹ̀ sápá kan, ọmọ kò gbá a mú jìn tó, ibẹ̀ sì ni ìrora ti ń wá. Bí àtúnṣe ìjókòó kò bá yí i padà, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí IBCLC (ìwé ẹ̀rí àgbáyé fún àwọn onímọ̀ nípa fífọ́mọ lọ́mú) tàbí dókítà ọmọdé ló yẹ kó yẹ abẹ́ ahọ́n ọmọ wò. Iṣẹ́ tiwọn nìyẹn, alábàárò rere á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ẹ tẹ́tí ju bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Bí ẹnìkan bá ń ta àgbo ìfọnra tàbí tíì amúnítẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀, ẹ má padà. Bí wọ́n bá ń fi ìyá tó ń lo ìgò ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má padà. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá kúrò lórí ẹni tó ti fọn àti ẹni tí kò tíì fọn, kò sí bí wọ́n ṣe mọ̀ nípa ọmú tó, ibẹ̀ kò yẹ yín.

Nígbà tó bá kàn yín, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. "Mò ń tiraka" kò sọ nǹkan kan. Ẹ sọ ìgbà tí ọmọ mu ọmú kẹ́yìn, bó ṣe pẹ́ tó lẹ́nu rẹ̀, iye ìlédìí àná, ibi tó ń dùn yín. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi kún un, láìdúró de ìbéèrè: "Mo sì ti ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ."

Jíjáwọ́: ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ṣe jù

Ní ìpele yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ rọra kà á, torí ojú mi ti rí àwọn ìyá tó búra pé àwọn ti fi dáyẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, tí wọ́n sì ń bá a lọ.

Ọ̀nà kìíní tí wọ́n ń gbà bà á jẹ́ ni pé wọ́n kàn pààrọ̀ orúkọ rẹ̀. Wọn kì í "ṣọ́ oúnjẹ jẹ" mọ́, "oúnjẹ tó mọ́" ni wọ́n ń jẹ. Tàbí wọ́n ti yọ gbogbo oúnjẹ afáralókun kúrò. Tàbí wọn kì í jẹun kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ fi ìbéèrè kan ṣoṣo dán an wò: bí ebi bá ń pa yín tí oúnjẹ sì wà, ṣé òfin kan wà tó ní kí ẹ má jẹ ẹ́? Bó bá wà, ẹ kò tíì jáwọ́.

Èkejì ni ẹ̀rọ ìwọ̀nra. Ìyá á ní òun ti jáwọ́, àmọ́ ẹ̀rọ náà ṣì wà nílẹ̀ balùwẹ̀, á sì gùn ún láàárọ̀, "kí n kàn mọ̀". Nọ́ńbà tó bá rí níbẹ̀ ló máa pinnu bóyá á jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ má gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ gbé e fún ẹlòmíràn kó gbé e kúrò nínú ilé. Ẹ pa ohun tó ń ka kálórì lórí fóònù yín rẹ́. Ẹ di àwọn aṣọ tí kò gbà yín sínú àpò, kí ẹ sì wá aṣọ méjì tó gbà yín báyìí. Ẹ yá a bí owó kò bá sí. Ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó sanra jù yín lọ kò ní ṣàìní. Aṣọ tó ń fún ìyá níkùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ máa ń dá a padà sí dáyẹ́ẹ̀tì kíákíá.

Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rù ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó ti ń fi ebi pa ara rẹ̀ tipẹ́, tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, oúnjẹ nìkan ni yóò máa rò fúngbà díẹ̀. Á jẹ, á tún fẹ́ jẹ, ẹ̀rù á bà á pé òun kò lè kó ara òun níjàánu, á sì padà sẹ́yìn. Ohun tí ebi ń ṣe sí ara nìyẹn. Láàárín ọdún 1944 sí 1945, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ancel Keys, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota, ní Amẹ́ríkà, dín oúnjẹ àwọn ọkùnrin 36 kù gan-an fún ọ̀sẹ̀ 24. Ọkùnrin tára wọn le koko ni, àwọn fúnra wọn ló sì yọ̀ǹda ara wọn. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ gba ọkàn wọn kan, inú ń bí wọn, ìbànújẹ́ wọlé, nígbà tí wọ́n sì fún wọn lóúnjẹ padà, àwọn kan ń jẹ ẹ́ láìmọ ìgbà tí wọ́n yó. Kò sí èyí tó ń fọ́mọ lọ́mú nínú wọn, kò sí èyí tí ọmọ ń jí lóru. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹ má sì retí pé kí tiyín yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kó kọjá, ẹ máa jẹun lọ.

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ nìyí. Fún ìyá tó ń fi ọmú nìkan bọ́ ọmọ, ara rẹ̀ ń ná nǹkan bí kálórì 500 lórí wàrà lójúmọ́. Bí kò bá jẹ ẹ́, ara á yọ ọ́ lára rẹ̀ kó tó yọ ọ́ lára ọmọ: agbára rẹ̀ á lọ, calcium inú egungun rẹ̀ á dín. Àwọn èròjà mìíràn, bí iodine àti fítámìn B12, máa ń dín nínú wàrà fúnra rẹ̀ bí ìyá kò bá rí i jẹ. Bí ebi náà bá pọ̀ jù, omi ọmú gan-an lè fà sẹ́yìn. Kì í ṣe pé oúnjẹ nìkan ló ń mú omi ọmú pọ̀ o. Bí ọmọ ṣe gbá ọmú mú àti iye ìgbà tó ń mu ún ló ṣáájú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wo ẹnu ọmọ.

Jíjẹun náà kò le. Ẹ jẹun láàárín wákàtí kan tí ẹ bá jí. Kó má ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ tí ẹ máa tún fi nǹkan sẹ́nu lójúmọmọ. Bí ẹ bá ń gbàgbé, ẹ so ó mọ́ ọmú: ọmọ ò ní máa jẹ kí ìyá má jẹ. Ẹ gbé àwo sí ọwọ́ tí kò gbé ọmọ, kó jẹ́ oúnjẹ tí ọwọ́ kan lè mú, bí ẹyin sísè, búrẹ́dì, èso. Ẹ mu omi tí òùngbẹ bá ń gbẹ yín; àmujù kò ní fi kún wàrà. Ẹ má fowó ṣòfò lórí bísíkíìtì àti tíì tí wọ́n ní ó ń mú omi ọmú wá. Oúnjẹ ojoojúmọ́ ni kí ẹ fi owó náà rà.

Bí dókítà bá ti ní kí ẹ má jẹ nǹkan kan nítorí àtọ̀gbẹ tàbí nítorí pé ara yín kọ̀ ọ́, ẹ tẹ̀ lé e, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá sì ti ṣàìsàn tó jẹ mọ́ oúnjẹ rí, bí àjẹjù tàbí kíkọ oúnjẹ sílẹ̀, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa bẹ alábàárò yín

Ẹ sọ ọ́ lọ́rọ̀ kan: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn mí pé mo tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má sì bá mi sọ̀rọ̀ ìwọ̀n." Kí ẹ wá ní kí ó máa pè yín lọ́sàn-án, kó bi yín pé, "Kí lẹ jẹ?" Kì í ṣe "Ṣé ẹ ti jẹun?" Ẹni tó ń fi ebi pa ara rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni". Lọ́dọ̀ wa, orúkọ oúnjẹ la máa ń gbà ní ìdáhùn, bó bá sì jẹ́ tíì lásán, alábàárò á dúró lórí fóònù títí ìyá á fi lọ gbé nǹkan jẹ.

Bí ẹ bá ti tún bí ọmọ ṣe ń gbá ọmú mú ṣe, tí ẹ sì ń jẹun, tí ìlédìí kò tíì pọ̀ sí i láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì wọn ọmọ kó tó mu ọmú àti lẹ́yìn tó bá mu ún tán, kí wọ́n mọ iye tó wọlé. Bó bá di dandan kí ẹ fi wàrà inú ìgò kún un, ẹ fi kún un, kí ẹ sì lọ sí ìpàdé tó kàn bí ẹ ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìgò náà nínú báàgì ọmọ.