Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ipa yìnyín lára òkè, ẹ má fowó ṣòfò

Ẹ Òkun o. Àwa Òkun kò ní òkun, síbẹ̀ bí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ bá ti kà nípa òkè òkúta ẹfun etí òkun Yúróòpù tán, wọ́n á háyà bọ́ọ̀sì wá sí Kábà, wọ́n ń wá ipa yìnyín, ìyẹn àmì tí òkìtì yìnyín ńlá tó ń wọ́ lórí ilẹ̀ láyé àtijọ́ fi sílẹ̀.

1. Òkè tó rí rìbìtì kì í ṣe ẹ̀rí pé yìnyín kọjá níbẹ̀. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Abẹ́ ilẹ̀ jíjìn ni àpáta wa ti dì. Nígbà tí ọ̀gbàrà gbá ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ, ó mí kanlẹ̀, ó sán, ó wá ń bó bí àlùbọ́sà. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn tí yìnyín bo Ireland, ọ̀dá ló bá ilẹ̀ tiwa. Síbẹ̀ ọmọ kan fi owó ilé-ìwé ra dúróònù nítorí òkè kan lẹ́yìn Ìyàrà. Owó ilé-ìwé o!

Mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣá. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, mo rí kòtò dídán lórí àpáta, mo na téèpù sí i, mò ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó ń sá láfún níbẹ̀ bi mí pé kí ni mò ń wọ̀n. Mo ní yìnyín ló gbẹ́ ẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. “Ọmọ mi, ìyá mi ló gbẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ló ti ń lọ ọkà.”

2. Bí ẹ bá dé ibi tí yìnyín ti kọjá lóòótọ́, ẹ má wá ìlà tí yìnyín ha lórí òkúta ẹfun tó wà ní gbangba. Òjò ti jẹ ẹ́. Abẹ́ amọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni kí ẹ wò.

Ẹ má sì wo ìhà kan ṣoṣo lára òkè. Ìhà tí yìnyín gbà gun òkè á dán, á rọra dagun. Ìhà tó gbà sọ̀ á rí gánnagànna, torí ó ń fa òkúta ya lọ ni. Ṣùgbọ́n àwọn òkè òkúta ẹfun Ha Long ní Vietnam, tó nà ṣóńṣó sójú omi, òjò àti òkun ló gbẹ́ ẹ.

Òkúta àlejò, èyí tí yìnyín gbé wá láti ibòmíràn, ni ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù. Ní erékùṣù Aran, Ireland, gíráníìtì jókòó lórí òkúta ẹfun. Òdì kejì omi Galway ni yìnyín ti gbé e wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lọ́nà Ọbájànà, ẹ kọ́kọ́ bi awakọ̀ típà.