Bí a ṣe ń dá Pleurotus mọ̀ lára igi jíjẹrà

Olú tó ń hù lára igi jíjẹrà pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níbí: Pleurotus ostreatus, èyí tí wọ́n ń gbìn káàkiri ayé báyìí fún jíjẹ. Ti oko kò ṣòro, nítorí ẹni tó gbìn ín mọ ohun tó gbìn. Ti inú igbó ló ń fa wàhálà. Ohun tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọ ni pé wọ́n á ti sọ olú náà lórúkọ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa wá ẹ̀rí tí yóò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ẹ yí i padà. Ohun tí yóò já orúkọ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa wá, kí ẹ sì ju olú náà nù bí ẹ bá ti rí ẹyọ kan.

Ẹ máa nílò ọ̀bẹ kékeré tó mú, gíláàsì pẹlẹbẹ, abọ́ àti àpò bébà. Ẹ má kó olú sínú ọ̀rá: ṣe ló máa làágùn nínú rẹ̀, á sì ti rà kí ẹ tó délé. Gíláàsì ara férémù fọ́tò àtijọ́ ni èmi máa ń lò. Ẹni tí kò ní in lè lo ike tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń kó CD sí. Ní ti awò tó ń mú nǹkan tóbi, ẹ má tìtorí rẹ̀ náwó, kámẹ́rà fóònù tí ẹ bá sún mọ́ ọn dáadáa ti tó.

Igi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Pleurotus kì í hù láti inú ilẹ̀ lásán. Bí ó bá jọ pé ilẹ̀ ló ti yọ, ẹ gbẹ́ ìdí rẹ̀ díẹ̀, ó lè jẹ́ gbòǹgbò tàbí ìtì igi tó ti rì mọ́lẹ̀ ló wà ńbẹ̀. Bí kò bá sí igi, ẹ máa bá tiyín lọ. Igi elewé fífẹ̀ ló fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lára páìnì àti àwọn igi elewé ṣóńṣó bíi tirẹ̀. Èmi máa ń ṣí èèpo igi náà wò pẹ̀lú. Níbi tí Pleurotus bá ti ń jẹun, igi á funfun, á rọ̀, á sì máa ya ní fọ́nrán-fọ́nrán. Igi tó bá pọ́n bíi ilẹ̀, tó wá ń là sí wẹ́wẹ́ onígun mẹ́rin, iṣẹ́ olú mìíràn nìyẹn.

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lókè, lábẹ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọ̀bẹ tó kàn án. Lẹ́yìn náà kí ẹ gé e látìdí pẹ̀lú èèpo igi díẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ́ orí rẹ̀ nìkan ti fi ìdajì ẹ̀rí sílẹ̀ sínú igbó.

Orí, abẹ́ orí àti ẹsẹ̀

Orí rẹ̀ rí bí abẹ̀bẹ̀, ó sì sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 25. Ẹ má gbọ́kàn lé àwọ̀ orí yìí, nítorí ó lè funfun, ó lè rí bí eérú, ó sì lè ṣókùnkùn. Abẹ́ ni kí ẹ wò. Àwọn pẹlẹbẹ funfun tó tò síbẹ̀ bí ojú-ìwé kì í dúró níbi tí ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lára ẹsẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ kúrú, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń wà, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ sí. Kò ní òrùka lọ́rùn ẹsẹ̀, kò sì ní àpò nídìí. Bí etí pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan bá là sí méjì gbọọrọ, tí orí rẹ̀ kéré tó sì nírun, Schizophyllum commune lẹ mú dání.

Ẹ wá la olú náà sí méjì láti orí dé ìdí ẹsẹ̀. Ìpele yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò. Ní Jàpáánì, Omphalotus japonicus, tó jọ Pleurotus gidigidi, wà lára olú tó máa ń fi májèlé ṣe àwọn èèyàn léṣe jù, nítorí ojú òde rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá là á, ẹ sábà máa rí àbàwọ́n dúdú nínú ẹran ara rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ti kan orí. Inú Pleurotus funfun látòkè délẹ̀.

Àbàwọ́n yẹn lè má hàn lára òmíràn, nítorí náà ẹ gbé olú náà wọ yàrá tó ṣókùnkùn biribiri. Àwọn ìdílé Omphalotus kan máa ń tan ìmọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn. Omphalotus nidiformis ti Ọsirélíà, tí òun náà funfun, jẹ́ ọ̀kan. Ẹ pa fóònù, ẹ dí ihò abẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ sì jókòó fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó wò ó, kí ojú yín lè mọ́ òkùnkùn náà lára. Àwọn tó kàn yọjú sínú yàrá tí wọ́n ní kò tàn, kí ni wọ́n fẹ́ rí? Bí ó bá tàn, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá tàn, kò tíì jẹ́ ẹ̀rí, nítorí ìmọ́lẹ̀ náà máa ń kú bí olú bá ti pẹ́ tí a já a.

Lẹ́búlẹ́bú: ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́

Láti abẹ́ orí ni lẹ́búlẹ́bú tí olú fi ń bí sí i ti máa ń jábọ́. Ojú kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá dà lé ara wọn, àwọ̀ á hàn. Àwọ̀ yìí lẹ ń wá, kì í ṣe àwọ̀ pẹlẹbẹ. Ti Pleurotus funfun, tàbí kí ó ní eérú àti àlùkò díẹ̀ nínú.

Bébà funfun ló ń pa èyí tó pọ̀ jù lẹ́kún. Lẹ́búlẹ́bú funfun lórí bébà funfun! Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á ní olú kò ju nǹkan kan sílẹ̀. Àwọn mìíràn á wá lo bébà dúdú nìkan, lórí èyí tí gbogbo lẹ́búlẹ́bú tó bá fẹ́lẹ́ ti ń jọ funfun. Gíláàsì ni kí ẹ lò, ẹ ó lè gbé e ka aṣọ dúdú, kí ẹ tún gbé e ka bébà funfun.

Orí tí etí rẹ̀ ti ń tẹ́, tí kò tíì gbó, ni kí ẹ yàn. Èyí tí etí rẹ̀ ṣì ká mọ́ abẹ́ kò tíì ní nǹkan tó máa jù sílẹ̀. Bí òjò bá ti pa á, ẹ jẹ́ kí omi ara rẹ̀ fà díẹ̀ ná. Ẹ gé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ dojú pẹlẹbẹ dé gíláàsì, ẹ kán omi ẹ̀kán kan sórí rẹ̀, kí ẹ fi abọ́ dé e. Abọ́ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí fáànù tàbí afẹ́fẹ́ fèrèsé á gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Wákàtí 4 lè tó, ṣùgbọ́n láti alẹ́ di àárọ̀ ni mo fara mọ́. Ẹ má máa ṣí i wò.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ má tíì sọ̀rọ̀. Ẹ fi etí káàdì ha lẹ́búlẹ́bú náà jọ sójú kan títí yóò fi ga díẹ̀, kí ẹ sì wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lójúmọ́mọ, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Lẹ́búlẹ́bú Crepidotus, tí òun náà ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi bí abẹ̀bẹ̀ kékeré, lè dà bí wàrà bó bá fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ha á jọ, àwọ̀ ilẹ̀ á jáde. Ọ̀nà àbùjá kan wà o: bí olú náà bá hù lé ara wọn, ẹ wo orí èyí tó wà nísàlẹ̀, lẹ́búlẹ́bú tòkè á ti bà lé e. Èmi máa ń fi ìyẹn mọ èyí tí n kò ní gbé délé rárá, n kì í fi dá ẹjọ́ ìkẹyìn.

Ẹyọ-ẹyọ ni kí ẹ ṣe é. Galerina marginata, olú kékeré àwọ̀ ilẹ̀ tó ní májèlé amatoxin, lè hù sórí igi kan náà kí ọwọ́ sì ṣèèṣì kó o mọ́ ọn. Lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà. Iná kò lè pa májèlé rẹ̀.

Síbẹ̀, lẹ́búlẹ́bú kò lè yanjú ohun gbogbo. Ti Omphalotus funfun tàbí kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ti Pleurocybella porrigens funfun pẹ̀lú, èyí sì pa ju èèyàn mẹ́wàá lọ ní Jàpáánì lọ́dún 2004, púpọ̀ nínú wọn ti ní àìsàn kíndìnrín tẹ́lẹ̀. Igi elewé ṣóńṣó ló máa ń gbé, ó funfun báláú, ẹran ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Nítorí ẹ̀ ni mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ wo igi. Bó bá jẹ́ ara páìnì lẹ ti rí tiyín, tó tún funfun báláú, ẹ fi sílẹ̀.

Ṣíbí fàdákà, àlùbọ́sà tàbí ìrẹsì tí wọ́n ní yóò yí àwọ̀ padà bí olú bá ní májèlé, irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Pé ìgbín jẹ ẹ́ kò ní kó má pa èèyàn. Ẹ̀rọ fóònù tó ń fi fọ́tò sọ orúkọ olú kò la ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, kò sì rí lẹ́búlẹ́bú, kí ẹ kàn gba orúkọ tó bá dá gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ máa lọ yẹ̀ wò.

Bí ẹnì kan bá ti jẹ ohun tí kò dá yín lójú, ẹ má dúró de inú rírun. Ti amatoxin lè tó wákàtí 6 sí 24 kí ó tó bẹ̀rẹ̀, inú náà sì lè rọlẹ̀ nígbà tí ẹ̀dọ̀ ṣì ń bàjẹ́ lọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ kíá, pẹ̀lú èyí tó ṣẹ́ kù nínú olú náà, tútù tàbí sísè, àti fọ́tò tí ẹ yà nídìí igi.